Ike Kì Í Ṣe Orúkọ Ẹnì Kan: Bí A Ṣe Dé Ìdí Àtẹ Ìfaradà Kẹ́míkà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, torí pé fonọ́lọ́jì àti gírámà lẹ mọ̀ mí mọ́. Ẹ ní sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ èdè náà ni, ọ̀nà tó gbà wọlé nìkan ló yàtọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì pè mí lórí fóònù ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tó ti fi síńtáàsì sílẹ̀. Ọṣẹ ló ń ṣe n'Ìbàdàn báyìí, òun àti òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Ìyá Ìbejì ni mo ń pè é. Ohùn rẹ̀ kò dùn lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ìwé bá kọ ọ́ pé ike kan ń gba kọ́sítíìkì sódà dáadáa, kí ni 'dáadáa' yẹn túmọ̀ sí?"

Mo ní kó rọra sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun gbé ọpọ́n asẹ́ kan sórí páìpù tí omi kọ́sítíìkì ń gbà kọjá. Asẹ́ náà ṣe kedere bíi dígí, èèyàn lè máa wo ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ìta. Ẹni tó tà á fún un fi ìwé ilé iṣẹ́ hàn án, àtẹ kan wà nínú ìwé náà, wọ́n sì kọ "ó dára" síwájú kọ́sítíìkì sódà. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà ni asẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí ojú arúgbó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó là sí méjì, omi kọ́sítíìkì sì dà sí ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́sẹ̀. Wọ́n yára da omi lé e, wọ́n dà á fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ náà ti san, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kò ní lọ.

"Prof, ṣé irọ́ ni ìwé yẹn pa ni?"

Mo ní kó fún mi láyè. Mi ò kì í ṣe onímọ̀ kẹ́mísìrì, ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀. Ipasẹ̀ tí mo tọ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ rìn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kí ike tó dé, àwọn bàbá wa mọ̀ pé gbogbo ohun èlò kọ́ ló ń gba gbogbo nǹkan. Inú akèrègbè ni ẹmu ń gbé, inú ìkòkò amọ̀ ni aró ń gbé. Kò sẹ́ni tó kọ àtẹ kankan sílẹ̀ fún wọn. Ohun tó bá bàjẹ́ lójú ẹnì kan, ẹni náà á sọ fún ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì di àṣà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Nígbà tí John Roebuck fẹ́ máa ṣe ásíìdì sọ́fúríìkì lọ́pọ̀ yanturu ní Birmingham ní 1746, inú ìgò dígí ni wọ́n ti máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ìgò sì máa ń fọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó fi òjé kọ́ yàrá, torí pé òjé ń fara da ásíìdì náà. Nígbà tí Carl Wilhelm Scheele ṣiṣẹ́ lórí ásíìdì hydrofluoric ní 1771, ojú dígí fúnra rẹ̀ ni ásíìdì yẹn ń jẹ. Ẹ ò rí nǹkan? Dígí tí gbogbo ayé fọkàn tán ti bá ọ̀tá rẹ̀ pàdé. Ìgò òjé ni wọ́n ń kó irú ásíìdì bẹ́ẹ̀ sí, nígbà tó sì yá, ìgò tí wọ́n fi oje igi gutta-percha ṣe, igi tó ń hù ní ilẹ̀ Malaya.

Nítorí náà, ìbéèrè Ìyá Ìbejì ti lé ní igba ọdún. Ohun tó sọ ọ́ di líle ni pé ní ọ̀rúndún ogún, àwọn ohun tuntun tí Ọlọ́run kò dá sínú igbó tàbí sínú ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí bàbá àgbà tó mọ ìwà wọn.

Àkọ́kọ́ nínú wọn ni Bakelite. Leo Baekeland, ọmọ ìlú Ghent ní ilẹ̀ Belgium tó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní Yonkers, nítòsí New York, ní 1907, tó sì kéde rẹ̀ ní 1909. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àgbà bíi tèmi á rántí tẹlifóònù dúdú tó wúwo àti súìṣì iná aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Bakelite nìyẹn. Kì í yọ́ tí iná bá kàn án, epo kì í ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ fi sínú kọ́sítíìkì tó lágbára, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya wọlé. Ní 1933, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ICI méjì, Eric Fawcett àti Reginald Gibson, ń fi agbára ńlá fún gáàsì mọ́ra ní Winnington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun funfun kan tó dà bí ìda ló kù sí ìsàlẹ̀ ohun èlò wọn. Polyethylene nìyẹn. Ní 1935, Wallace Carothers àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ DuPont ṣe nylon. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin 1938, ní ilé iṣẹ́ kan náà, Roy Plunkett ṣí sílíńdà gáàsì kan, gáàsì kò jáde. Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ kò dín. Tí gáàsì kò bá jò, níbo ló wà? Wọ́n fi ayùn rẹ́ sílíńdà náà, wọ́n bá lẹ́búlẹ́bú funfun nínú rẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró wò. Ohun tí Plunkett ṣe sí lẹ́búlẹ́bú yẹn ni ìtàn wa gan-an. Kò tíì mọ ohun tó máa fi í ṣe. Ó fi sínú omi, sínú ásíìdì, sínú kọ́sítíìkì, sínú àwọn ohun olómi tó ń yọ́ nǹkan, ó sì ń wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò yọ́, kò wú, kò yí padà. Orúkọ tí ayé wá mọ̀ ọ́n sí ni Teflon. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ogun dé, àwọn tó ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Oak Ridge ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní gáàsì kan lọ́wọ́, uranium hexafluoride, tó ń jẹ irin, tó sì ń ba ohun tí wọ́n fi ń dí ojú páìpù jẹ́. Lẹ́búlẹ́bú Plunkett ló gbà á. Ẹ wò ó: ohun tí ẹnì kan kọ sínú ìwé nínú yàrá ìwádìí, pé "mo fi sínú eléyìí, kò ṣe nǹkan kan," ló di ohun tí wọ́n wá kiri nígbà ìṣòro. Àtẹ ìfaradà kò ju ìyẹn lọ: ẹnì kan fi nǹkan kan sínú nǹkan míì, ó dúró, ó wò ó, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí náà nìyẹn. Ìlànà wà tí gbogbo ayé ń lò: àwọn ará Amẹ́ríkà ní ASTM D543, àjọ àgbáyé ISO sì ní ISO 175. Wọ́n á gé ike sí wẹ́wẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n á wọn bó ṣe wúwo àti bó ṣe gùn tó, wọ́n á rì í sínú kẹ́míkà fún iye ọjọ́ tí wọ́n dá, wọ́n á yọ ọ́ jáde, wọ́n á tún un wọ̀n. Ṣé ó wúwo sí i? A jẹ́ pé ó ti mu kẹ́míkà náà. Ṣé ó fúyẹ́? A jẹ́ pé nǹkan kan ti yọ́ lára rẹ̀. Wọ́n á fà á wò bóyá agbára rẹ̀ ti dín, wọ́n á wo àwọ̀ rẹ̀. Gbogbo èyí ni ilé iṣẹ́ á wá kó pọ̀, tí wọ́n á fi lẹ́tà kan ṣoṣo dípò rẹ̀: A, B, C, D. Tàbí ọ̀rọ̀ kan: ó dára, ó sàn díẹ̀, kò dára.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní sẹ̀máńtíìkì, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti fún pọ̀ tó báyìí, nǹkan á ti já bọ́ nínú rẹ̀. "Ó dára" fún ọjọ́ mélòó? Nínú kọ́sítíìkì tó fẹ́lẹ́, àbí èyí tó ki? Nínú omi tútù, àbí omi gbígbóná? Àti pé ilé iṣẹ́ kan lè pe nǹkan ní A tí òmíràn á pè ní B, torí pé kálukú ló fa ìlà tirẹ̀. Èèyàn kò lè mú A ilé iṣẹ́ kan wé B ti òmíràn, àfi tó bá ka àlàyé kékeré tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àtẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà.

Ìtàn méjì ló kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀kọ́ náà sì wọ́n.

Èkínní ni ti polyethylene. Gẹ́gẹ́ bí àtẹ ti wí, ọṣẹ kò lè ṣe é ní nǹkan kan, òótọ́ sì ni. Ẹ rì í sínú omi ọṣẹ fún ọdún kan, kò ní wú, kò ní yọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í bo wáyà tẹlifóònù, wọ́n rí i pé tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, tó wà lábẹ́ ìnira, tí ọṣẹ sì kàn án, ó máa ń là. Kì í ṣe pé ọṣẹ jẹ ẹ́. Ìnira nìkan kò là á, ọṣẹ nìkan kò là á. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ ló là á. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ló gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti dán èyí wò: wọ́n á dá ojú abẹ kékeré sí ara ike, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á rì í sínú ọṣẹ olómi, wọ́n á ka wákàtí títí yóò fi là. Ìdánwò Bell ni wọ́n ṣì ń pè é títí dòní. Ìyá Ìbejì, gbọ́ o: ìdí nìyí tí kò fi dáa kéèyàn máa to kẹ́ẹ̀gì ọṣẹ léra wọn dé àjà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ń ru ẹrù, ọṣẹ sì wà nínú rẹ̀.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti bí ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fi ike tí wọ́n ń pè ní polybutylene ṣe páìpù omi inú ilé, wọ́n sì fi acetal ṣe ohun tó so àwọn kan pọ̀. Acetal jẹ́ ike líle tó ń dán; jíà kékeré inú ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe. Omi lásán kì í ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ omi ẹ̀rọ kì í ṣe omi lásán. Kílórínì díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń pa kòkòrò. Díẹ̀díẹ̀ yẹn, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló jẹ wọ́n láti inú wá. Ilé kún fún omi, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Tennessee ní 1995 sì tó 950 mílíọ̀nù dọ́là. Ìdánwò ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò lè sọ ìtàn ogún ọdún, àfi kí ẹni tó ń kà á rántí bi í léèrè.

Ó wá ku ti asẹ́ Ìyá Ìbejì. Mo ní kó ya fọ́tò asẹ́ tó là àti ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fi wọ́n han ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísìrì, a sì jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwé náà kò parọ́. Asẹ́ tí ìwé náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ funfun tí kì í ṣe kedere, polypropylene ni wọ́n fi ṣe é. Òtítọ́ ni pé polypropylene ń gba kọ́sítíìkì dáadáa. Èyí tí wọ́n tà fún un, ìrísí kan náà, ìwọ̀n kan náà, ó kàn ṣe kedere ni. Polycarbonate nìyẹn. Ẹni tó tà á ní, "Ike kan náà ni, ma. Èyí kàn mọ́ ju ìyẹn lọ ni."

Polycarbonate kì í ṣe ike yẹpẹrẹ o. Ní 1953, Hermann Schnell ti ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì àti Daniel Fox ti ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà ṣe é ní ọdún kan náà láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀ nípa ẹnì kejì. Òun ni wọ́n fi ṣe ìbòrí kedere tí àwọn tó lọ sí òṣùpá dé sórí. Òòlù kì í tètè fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó pa á. Nígbà tí Ìyá Ìbejì bá da kọ́sítíìkì sínú àdín, kọ́sítíìkì náà máa ń wá ìsopọ̀ kan nínú àdín, ìsopọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ester, á gé e, àdín á sì di ọṣẹ. Irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, ló so polycarbonate pọ̀. Kọ́sítíìkì kò mọ èwo ni àdín, èwo ni asẹ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìkòkò ọṣẹ náà ló ń ṣe lára ike náà, ó kàn ń rọra ṣe é ni.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún un, ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Prof, a jẹ́ pé asẹ́ yẹn ni mò ń sè lọ́ṣẹ." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Mo tún fi ọ̀kan kún un tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Ìgò tí wọ́n ń ta omi sínú rẹ̀, PET ni wọ́n fi ń ṣe é, ìsopọ̀ ester náà ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé lọ́jà wa, inú ìgò omi ni àwọn kan ń da kọ́sítíìkì olómi sí. Kọ́sítíìkì tó ki máa ń jẹ ìgò náà. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ á rò pé omi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ṣe é níṣojú yín.

Ẹ̀yin ọmọ mi, níbo ni ọ̀rọ̀ èdè wà nínú gbogbo èyí? Ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà: ike. A fi orúkọ kan pe ìdílé ńlá tí ìwà wọn kò jọra. Àwọn kan nínú wa tún ń pe gbogbo rẹ̀ ní rọ́bà. Èyí tó tún wá burú ni "láílọ́ọ̀nù". Àpò pẹlẹbẹ tí a fi ń di búrẹ́dì, tí àwọn míì ń pè ní ọ̀rá, kì í ṣe nylon rárá, polyethylene ni. Tí ẹ bá wá lọ ka àtẹ, tí ẹ wo abẹ́ orúkọ nylon, ẹ máa rí i pé ásíìdì tó lágbára ń jẹ ẹ́. Òótọ́ ni, ásíìdì formic tó ki tiẹ̀ ń yọ́ ọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ásíìdì yẹn kò ní ṣe polyethylene ní nǹkan kan. Àtẹ náà pé, orúkọ tí ẹ mú wá síbẹ̀ ni kò pé. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Tí a kò bá wo ilé ike, orúkọ tí a fún un á ṣì wá lọ́nà.

Láti 1988 ni wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà sínú igun mẹ́ta sí ìdí ike. Ẹ yí ike yín padà, ẹ wò ó. 1 ni PET, 2 ni polyethylene líle, 3 ni PVC, 4 ni polyethylene rírọ̀, 5 ni polypropylene, 6 ni polystyrene. 7 ni gbogbo àwọn tó kù, polycarbonate àti nylon àti acetal, gbogbo wọn pọ̀ síbẹ̀. Nítorí náà tí ẹ bá rí 7, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan. Torí àtúnlò ni wọ́n ṣe nọ́ńbà náà. Kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé ike gba kẹ́míkà.

Ohun tí mo wá kọ ránṣẹ́ sí Ìyá Ìbejì nìyí, ẹ̀yin náà lè mú un lò. Kọ́kọ́ béèrè orúkọ ike náà gan-an lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, má rà á fún iṣẹ́ kẹ́míkà. Èkejì, wá àtẹ ilé iṣẹ́ tó ṣe ike náà fúnra rẹ̀, má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á nìkan, kó o sì wo àtẹ ilé iṣẹ́ míì láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Ẹ̀kẹta, wò ó bóyá bí kẹ́míkà tìrẹ ṣe ki tó, bó ṣe gbóná tó àti iye ìgbà tó máa fi wà níbẹ̀ bá ti inú àtẹ mu. Ibi tí àtẹ bá dákẹ́ sí, má rò pé "bẹ́ẹ̀ ni" ló sọ. Ẹ̀kẹrin, rántí ẹrù: ike tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n fún, tàbí tó ń ru nǹkan kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó kàn jókòó jẹ́ẹ́. Ní ìparí, gé ike kékeré, wọ̀n ọ́n, rì í sínú kẹ́míkà rẹ gan-an pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbojú, fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbi tí ọmọdé kò lè dé, tún un wọ̀n, kó o sì tẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí Plunkett ṣe ní 1938 náà nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Asẹ́ funfun tuntun ló wà lórí páìpù, nọ́ńbà 5 wà ní ìdí rẹ̀. Ègé ike mẹ́fà wà nínú ìgò lórí pẹpẹ, ó fi lẹ́bẹ́ẹ̀lì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, déètì àti ìwọ̀n rẹ̀. Ọmọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jóná ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, bàtà gígùn ló sì wọ̀ nínú fọ́tò náà. Ó kọ orúkọ ike kọ̀ọ̀kan ní kíkún. Kò kọ "ike" sí ìkankan nínú wọn.